Ta Ló Ń Jẹ́ Olè?

Bí ọmọdékùnrin kan bá gbé fóònù lórí tábìlì oníṣòwò ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn, tí ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ariwo kan ṣoṣo ló máa ń sọ nínú ọjà: "Olè! Olè!" Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo pé "Ó gbé fóònù!" Ṣùgbọ́n bí alága ìjọba ìbílẹ̀ bá fi owó kànga kọ́ ilé alájà mẹ́ta fún ara rẹ̀, ohun tí a máa ń sọ, ní ohùn jẹ́jẹ́, ni pé "Wọ́n kówó jẹ." Ọmọ yẹn ti di nǹkan kan, alága kàn ṣe nǹkan kan ni. Ẹ sì tún wo "wọ́n" tó ṣíwájú gbólóhùn yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló kówó, àmọ́ ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wa, àní níbi tí a ti ń ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Àwọn onímọ̀ èdè yóò ní ọ̀rọ̀-orúkọ ni a fún ọmọ yẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe ni a fún alága. Èmi kì í ṣe onímọ̀ èdè. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ rédíò kan ni mo ti ń túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá, ìdí iṣẹ́ yẹn ni ojú mi ti là sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìwé tí àwọn ọlọ́pàá ń fi ránṣẹ́ máa ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n ká àwọn ọ̀dọ́ kan mọ́ ilé àkọ́kù, wọ́n bá fóònù rẹpẹtẹ àti ìbọn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Ìyẹn ni àwa oníròyìn fi ń so "afurasí" mọ́ ọn níwájú: afurasí adigunjalè. Ẹ bá mi fetí sí bí àwọn tó ń ka ìròyìn ṣe máa ń pè é. "Afurasí" á yára kọjá, "adigunjalè" á wá dún ketekete. Ìròyìn tó tẹ̀ lé e, ti gómìnà àná kan ni, tí àjọ EFCC ti gbé dé iwájú adájọ́. Bí tiẹ̀ ṣe máa ń jáde nìyí: "Wọ́n fẹ̀sùn kan gómìnà tẹ́lẹ̀ rí náà pé wọ́n lu owó ìpínlẹ̀ ní póńpó." Nínú ẹjọ́ méjèèjì, adájọ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Owó tí wọ́n ń dárúkọ nínú èkejì sì lè ra gbogbo fóònù tó wà láti Dùgbẹ̀ títí dé Ìwó Road. Síbẹ̀ àwọn kan jẹ́ adigunjalè, ẹnì kan sì jẹ́ gómìnà tẹ́lẹ̀ rí. Kò sí ìwé àṣẹ kankan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé bẹ́ẹ̀ ni kí a máa ṣe é. Ahọ́n wa ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹnì kan á ní ṣebí a ní "ọ̀jẹ̀lú". Òótọ́ ni, a fi ń bá "òṣèlú" ṣe ẹ̀fẹ̀. Àmọ́ ẹ̀fẹ̀ náà ni. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí máa ń bá wa rẹ́rìn-ín sí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Àti pé "àwọn ọ̀jẹ̀lú" la máa ń wí, gbogbo wọn lápapọ̀, bí ẹni sọ òkò sínú ọjà. Mi ò rí i kí ẹnì kan nàka sí ẹnì kan kó sì sọ pé ọ̀jẹ̀lú ni ẹ́, bí wọ́n ṣe ń nàka sí ọmọ orí ọjà.

Àwọn àgbà kò kúkú fi olè mọ sórí ẹni tí ọwọ́ tẹ̀. Ẹni tó gbé epo lájà, wọ́n ní kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Wọ́n tún ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Ìyá mi fẹ́ràn òwe kejì yìí púpọ̀. Orí ẹran inú ìkòkò ló ti máa ń pa á fún wa. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn nígbà náà. Ìgbà tí mo dàgbà, tí mo ń lọ sóde ìnáwó, ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó ń da àrán bora lóòótọ́. Àga iwájú ni wọ́n ń gbé fún wọn. Alága ìjókòó á kà wọ́n ní oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, onílù á kọrí sọ́dọ̀ wọn, owó á máa já bọ́. Tí àrán bá ti nípọn tó, kò sí ẹni tó ń rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò ní àrán ni aṣọ olè ń hàn lára rẹ̀.

Kì í ṣe eré. Ọ̀rọ̀ yìí ń pa èèyàn. Bí wọ́n bá ti lọgun "Olè!" ní gárééjì tàbí ní ọjà, kò sí ẹni tó ń bèèrè pé kí ló gbé, ta ló rí i. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ náà á mú igi, ẹlòmíràn á wá taya lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Port Harcourt, wọ́n lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n, ẹ̀sùn olè ni wọ́n fi kàn wọ́n. Àwọn kan dúró, wọ́n ń fi fóònù ká fídíò rẹ̀. Ohun tó bani lẹ́rù jù fún mi níbẹ̀ ni bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò àti adájọ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Ká ní "wọ́n ní wọ́n jí kọ̀ǹpútà" ni wọ́n pariwo, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan bèèrè pé kọ̀ǹpútà ta ni, níbo ló wà. Gbólóhùn máa ń gba ìbéèrè. "Olè" kò gba ìbéèrè.

Ẹ wo agbèrò náà. Iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń gba èrò sọ́kọ̀, tó ń pe "Ọ̀jọ́ọ̀, Ọ̀jọ́ọ̀, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín." Lónìí, ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ tí òun àti aya rẹ̀ ń jà lè ké sí i pé "Má bá mi ṣe agbèrò níbí!" Ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, kò sí orúkọ mìíràn tó lè pe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ní ìdàkejì, àwọn ọmọ tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu òyìnbó ní jìbìtì, kí ni à ń sọ nípa wọn? "Ó ń ṣe Yàhúù." Ó ń ṣe é, bí ẹni ń ṣe télọ̀. Gbájúẹ̀ ni àwọn bàbá wa ń pe irú wọn, ọ̀rọ̀ tó dún bí ìgbájú lóòótọ́. Nígbà tí ọmọ gbájúẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra mọ́tò, tó ń tún ilé ìyá rẹ̀ kọ́, tó ń sanwó fún fújì, gbájúẹ̀ rọra kúrò ńlẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe sì wọlé dípò rẹ̀.

Ti obìnrin kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó kó jáde nílé ọkọ tó padà sílé bàbá rẹ̀, dálémosú ni. Ọkọ tó fi sílẹ̀ ńkọ́? "Ìyàwó rẹ̀ lọ." Ìyẹn náà tán. Ẹni tí kò bímọ, àgàn ni, kí dókítà tó yẹ ẹnikẹ́ni wò. Lóòótọ́ akúra wà fún ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń sọ ọ́, wọn kì í pe ọkùnrin bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ìyàwó. Níbí yìí, èmi tí mo máa ń ṣàríwísí àwọn pásítọ̀ gbọ́dọ̀ yìn wọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ "àwọn tó ń wojú Olúwa fún ọmọ." Àwọn kan náà ni wọ́n ń pè ní àgàn tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ obìnrin náà, wọ́n fún un ní ohun tí ó ń ṣe dípò rẹ̀. Ẹni tó ń wojú lè gbà, ẹni tó ń ṣe nǹkan lè ṣe é tán.

Ṣùgbọ́n mi ò ní yìn wọ́n jìnnà, nítorí kèfèrí. Ọ̀rọ̀ yẹn, èdè Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀ wá, àwọn Mùsùlùmí ló mú un dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n mú un lò láìkọminú. Ẹ̀sìn méjì tí wọn kò tilẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ ìjọ́sìn, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ tí wọn yóò máa pe bàbá bàbá mi. Nínú ilé wa, "Bàbá ń bọ Ifá" ni wọ́n máa ń sọ. Kátíkíìsì tó wá ṣe ìsọmọlórúkọ ló pè é ní kèfèrí, lẹ́yìn tó ti jẹ iyán rẹ̀ tán. Àwọn tó mọ èèyàn máa ń sọ ohun tó ń ṣe. Àjèjì ló máa ń fún un lórúkọ.

Ibi tí èyí ti hàn jù lọ sí mi ni ọ̀rọ̀ wèrè. Yorùbá ní oríṣiríṣi ọ̀nà láti sọ ọ́ tí kò fi ní di orúkọ: orí rẹ̀ dàrú, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe ségesège, ara rẹ̀ kò yá, ó ń ṣàárẹ̀. Ìyá tí ọ̀rọ̀ náà bá ọmọ rẹ̀ kì í sọ pé wèrè ni ọmọ òun. Olówó tí ó bá a náà, "wọ́n ní dókítà ní kí wọ́n lọ sinmi ní London." Ẹni tó wà lábẹ́ afárá, tí irun rẹ̀ ti lọ́ pọ̀, tí kò sí ìbátan kankan nítòsí, òun ló ń jẹ́ wèrè. Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ: ẹni tó pa òwe yìí mọ̀ dájú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ àti ẹni tí kò dùn mọ́.

Ní 1954 ni ilé ìwòsàn Aró bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ló jẹ́ olórí ibẹ̀, ohun tó sì ṣe níbẹ̀ ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà, ó fi àwọn kan wọ̀ sí abúlé tó yí Aró ká, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, pẹ̀lú ìbátan kan tí yóò máa gbọ́únjẹ fún wọn. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n á padà sábúlé, wọ́n á bá wọn dé oko, wọ́n á ra èlùbọ́ lọ́jà. Ó tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó jẹ́ kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, gbogbo ètò yẹn dá lórí kí aláìsàn má bàa di aláìsàn nìkan. Ní abúlé, ó ṣì jẹ́ ẹni tó mọ ebè kọ, ẹni tó jẹ gbèsè oníyán, ẹni tó ń bínú sí onílé.

Kí ni a wá ṣe sí orúkọ ibẹ̀? "Ṣé Aró lo ti sá wá ni?" Ní Èkó, níbi tí ilé ìtọ́jú irú rẹ̀ ti wà ní Yábàá láti 1907, "Yaba Left" ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n bá fẹ́ bú. Ibi tí wọ́n kọ́ láti fi bọ́ orúkọ náà kúrò lọ́rùn èèyàn ni àwa sọ di orúkọ náà gan-an. Mo mọ àwọn tó ń ti Ìbàdàn lọ gba oògùn ní Aró tí wọ́n máa ń sọ nílé pé Abẹ́òkúta ni àwọn ń lọ ra àdìrẹ. Ìjọba náà kò sàn ju àwa ará ìlú lọ. Òfin tí a fi ń ṣe ìtọ́jú ọpọlọ ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, òfin wèrè ti 1958 ni, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916 nígbà àwọn amúnisìn. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ààrẹ tó buwọ́ lu òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, dókítà tó bá fẹ́ fi òfin dá èèyàn dúró fún ìtọ́jú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i pé wèrè ni.

Ẹnì kan lè ní kí ni mo ń fẹ́ gan-an, ṣé kí á pe àwọn ńlá náà lólè kó lè tó wa lára ni? Mo ti rò ó. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́ ti dán irú rẹ̀ wò. Nígbà tí Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà, dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1964, Dẹ́mọ ni àwọn èèyàn gé orúkọ rẹ̀ sí. Kò pẹ́ tí Dẹ́mọ fi kúrò ní orúkọ ẹgbẹ́, ó di èébú, ó di ọ̀dàlẹ̀. Lẹ́yìn ìbò oṣù kẹwàá 1965, tí gbogbo ìlú gbà pé màgòmágó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá ti na ìka sí ọ pé Dẹ́mọ ni ẹ́, pẹtiróòlù ló kàn. Wẹ̀tíẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe màgòmágó ní ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó kọ́kọ́ jóná ni akọ̀wé kékeré, oníṣòwò kòkó, ẹni tó gba iṣẹ́ nítorí pé ó ní ọmọ láti bọ́. Àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ní oṣù kìn-ín-ní 1966, ẹgbẹ́ náà parẹ́, orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Mo ṣì máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀: "Dẹ́mọ ni bàbá wọn o." Nítorí náà, mi ò rò pé ká pín orúkọ náà káàkiri ló kù. Kódà bí wọ́n bá sọ ọ́ sókè, ìsàlẹ̀ ló máa ń já sí.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ibì kan wà tí Yorùbá ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ṣe ohun rere, ìyẹn lára àbíkú. Ọmọ tó bá ti lọ tó bọ̀, wọ́n á sọ ọ́ ní Ajá. Tàbí Ìgbẹ́kọ̀yí, igbó pàápàá kọ eléyìí. Tàbí Akísàátán, kò sí àkísà tí a ó fi dì í mọ́. Wọ́n ń bú ọmọ náà lójú ikú kí ikú lè rò pé kò wúlò, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń rà á ní ìlẹ̀kẹ̀. Kòsọ́kọ́, kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni, ọba tó ń jẹ́ ẹ sì gun orí ìtẹ́ Èkó láti 1845 títí di 1851, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi lé e kúrò. Àwọn baba wa mọ̀ pé orúkọ burúkú ń lé nǹkan sá. Wọ́n kàn fi lé ohun tó yẹ kó sá ni.

Wọ́n sì tún mọ̀ pé ó yẹ kí ọjọ́ kan wà tí kékeré lè bú ńlá. Ní ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn, n'Ìbàdàn, kò sí iná dídá ní ìdáná. Orin ìbàjẹ́ ló kún ìgboro, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bínú. Ọjọ́ yẹn kò sí "wọ́n". Ó di "o", ó di "ìwọ". Ní Kétu àti Ìlaròó, òru ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó, ni ọ̀kọrin máa ń dúró láàárín ọjà tí á máa sọ ohun tí oníkálukú ṣe láàárín ọdún, láìka ipò sí. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ìtàn ni wọ́n ń fi kọrin: lágbájá tó ta ilẹ̀ ẹbí, bó ṣe tà á, ẹni tó tà á fún. UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé ní 2001. Àwa oníròyìn kò tíì kọ́ nǹkan kan lára rẹ̀.

Èmi gbìyànjú láti kọ́ ọ. Mo dá a lábàá pé kí á máa kọ ohun tí wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ inú ìwé ọlọ́pàá ṣe: "àwọn ọ̀dọ́ tí ọlọ́pàá fẹ̀sùn kàn pé wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ èrò." Ọ̀gá mi ní ìròyìn á gùn jù. Ó gbà kí n dán an wò ṣá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, lórí ètò tí àwọn olùgbọ́ ti ń pè wá, ọkùnrin kan pè láti Mókọ́lá. Fọgánáísà ni. Wọ́n ti gba fóònù rẹ̀ ní òru, nọ́ńbà gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì rí owó ra òmíràn. Fóònù aládùúgbò ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé à ń gbèjà olè. Mo ṣàlàyé títí. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

"Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n," ló sọ. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n pè é lólè jàre. Ohun tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ nìyẹn."

Mo ní kí ó pè é. Ó pè é, ó sì fi èpè tì í. Lẹ́yìn náà ló ní òun kò tíì parí, pé olè kan tún wà, ẹni tó gba owó iná ojú pópó àdúgbò àwọn tí òkùnkùn fi ń kùn níbẹ̀ di òní, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ alága kan. Orúkọ náà kò tíì dé ìdajì tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ fi gé fóònù rẹ̀.